`[:-2]` àbí `systemlist()`: èwo ni ká fi gé ìdí èsì àṣẹ nínú Vim?

Bí ẹ bá fi `system('date')` gba èsì àṣẹ nínú Vim (ètò tí a fi ń kọ fáìlì), tí ẹ sì fi `setline()` kọ ọ́ sínú fáìlì tí ẹ ṣí, `^@` kan á lẹ̀ mọ́ ìparí ìlà. Àmì ìlà tuntun tí àṣẹ náà fi parí èsì rẹ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi `[:-2]` gé e. Ó yá, kò sì gùn. Ṣùgbọ́n kì í wò kó tó gé: ohunkóhun tó bá bá níparí ló ń mú lọ. Ẹ dán `system('printf abc')[:-2]` wò, `ab` lẹ máa rí, torí `printf` kò fi ìlà tuntun kún un. Àṣìṣe yìí kì í pariwo rárá, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó léwu.

`systemlist()` ní tiẹ̀ máa ń pín èsì sí ìlà-ìlà, láìsí àmì náà lára wọn. `abc` á pé gẹ́lẹ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí: `get(systemlist('date'), 0, '')`. Bí àṣẹ kò bá sọ nǹkan kan, `systemlist('date')[0]` lásán á mú àṣìṣe E684 wá (pé kò sí nǹkan kan ní ipò tí ẹ béèrè). Lórí Windows, `\r` (àmì kan tí Windows máa ń fi ṣáájú ìlà tuntun) ṣì lè kù nídìí ìlà. `trim()` á bá yín nù ún kúrò.

Èmi, `systemlist()` ni mo fara mọ́, kódà fún ìlà kan ṣoṣo.