Kíláàsì Bíbélì ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí ìbínú Ọlọ́run: ohun tí mo rí níbẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á o, torí ó máa gùn díẹ̀. Kíláàsì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é, gbogbo Ọjọ́rú ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan nítòsí Mókọ́lá níbí n'Ìbàdàn. ₦3,500 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ wa àti ìpápánu wà nínú ẹ̀. Wọ́n ti bẹ̀ wá pé ká má gbé orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì náà síta torí gbọ̀ngàn yẹn ò gbà ju ogójì èèyàn lọ, àwa mẹ́rìndínlógójì la sì wà níbẹ̀ nígbà tèmi, àga ò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Ìbínú Ọlọ́run àti ìfẹ́ Rẹ̀, bí méjèèjì ṣe ń gbé pọ̀, ohun tí wọ́n kó wa jọ fún nìyẹn.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn iná jó ṣọ́ọ̀bù mi. Aṣọ ni mò ń tà, àǹkárá àti léèsì, iná ìjọba ló dé lóru tó sì gbé wáyà, kí ilẹ̀ tó mọ́ kò sí nǹkankan mọ́ àfi páànù tó ká kò bí ewé gbígbẹ. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níwájú ibẹ̀, ẹni tó ń darí ilé àdúrà tí mò ń lọ nígbà yẹn wá bá mi, mo rò pé ó wá bá mi kẹ́dùn ni, ó ní "Sísítà, ẹ yẹ ara yín wò, ìdámẹ́wàá oṣù mélòó lẹ jẹ? Ọlọ́run ló ń bínú." Oṣù méjì ni mo jẹ lóòótọ́, torí owó ilé ìwé ọmọ. Látọjọ́ náà mi ò fi ìdámẹ́wàá falẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ni mo fi ń san án. Bí mo bá ti san án tán màá mí kanlẹ̀, màá ní ó parí lóṣù yìí, kò ní jó mi. Ọdún mẹ́rin gbáko. Lọ́jọ́ Sunday mò ń kọrin ìfẹ́ Jésù, nínú mi lọ́hùn-ún mò ń ṣọ́ Ọlọ́run bí ẹni ń ṣọ́ ajá tó ti bù ú jẹ rí.

Màmá kan ló ń kọ́ wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ohùn wọn kì í lọ sókè rárá, ẹ ní láti sún mọ́ iwájú. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ́n bi wá pé àwọn wo ló gbà pé Ọlọ́run Májẹ̀mú Láéláé le, Jésù wá rọ̀. Ó ju ìdajì wa lọ tó nawọ́, èmi náà nawọ́. Wọ́n wá sọ ìtàn Marcion fún wa, ọmọ Sinope létí Òkun Dúdú, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Turkey báyìí, oníṣòwò ọkọ̀ ojú omi tó lówó gan-an. Ó lọ sí Róòmù, ó fún ìjọ ibẹ̀ ní 200,000 sesterces, ìyẹn owó tí wọ́n ń ná ní Róòmù nígbà yẹn, ó wá ń kọ́ àwọn èèyàn pé Ọlọ́run méjì ló wà, ọ̀kan dá ayé ó sì ń ṣèdájọ́, èkejì ni Baba Jésù tí kì í bínú rárá. Ní nǹkan bí ọdún 144 ìjọ ní àwọn ò gbà, wọ́n ní kó máa lọ, wọ́n sì dá gbogbo owó ẹ̀ padà fún un. Ọ̀rọ̀ owó yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé. Àwọn èèyàn dá owó tó tó báyẹn padà kí wọ́n má bàa pín Ọlọ́run sí méjì.

Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ní ká ṣí Jòhánù orí 3. Gbogbo wa la mọ ẹsẹ 16 sórí, ọmọ ọdún mẹ́rin mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ká ka ẹsẹ 36 nínú orí kan náà, níbi tó ti ní ìbínú Ọlọ́run ń bẹ lórí ẹni tí ò gba Ọmọ gbọ́. Ogún ẹsẹ péré ni wọ́n fi jìnnà síra, mi ò sì kà á débẹ̀ rí.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀rọ̀ nìkan la fi odindi wákàtí méjì tú, ó dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe rò lọ. Nínú èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe imú àti ìbínú, torí imú ẹni tó ń bínú máa ń gbóná. Ní Ẹ́kísódù 34 ẹsẹ 6, níbi tí Ọlọ́run ti sọ irú ẹni tóun jẹ́ fún Mósè pé òun kì í tètè bínú, ohun tí Hébérù kọ síbẹ̀ gan-an ni pé imú Ẹ̀ gùn. Ìbínú yẹn á rìn jìnnà kó tó jáde. Yorùbá ò gbé tiwa sí imú, inú la gbé e sí. Màmá kọ ìbínú sójú pátákó, wọ́n kọ ìyọ́nú sábẹ́ ẹ̀, wọ́n kọ ìbànújẹ́ sábẹ́ ìyẹn, wọ́n wá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sábẹ́ "nú" nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn ò sọ nǹkankan fún bí ìṣẹ́jú kan. Inú kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń jáde. Mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí látìgbà tí mo ti lè sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ ọ rí.

Wọ́n wá mú wa lọ sí Máàkù 3 ẹsẹ 5. Ọkùnrin tí ọwọ́ ẹ̀ rọ wà nínú sínágọ́gù lọ́jọ́ ìsinmi, àwọn kan jókòó wọ́n ń ṣọ́ Jésù bóyá ó máa wò ó sàn kí wọ́n lè rí ẹ̀sùn kà sí i lọ́rùn. Jésù wò wọ́n yíká tìbínú tìbínú, inú Ẹ̀ sì bàjẹ́ nítorí líle ọkàn wọn, inú ẹsẹ kan ṣoṣo ni ìbínú àti ìbànújẹ́ yẹn wà, lójú kan ṣoṣo. Nǹkan tó wá fi ìbínú ọ̀hún ṣe ni pé ó ní kí ọkùnrin náà na ọwọ́ ẹ̀, ọwọ́ náà sì dá. Ìbínú tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, ti ilé wa, kì í wo ẹnikẹ́ni sàn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, Róòmù orí 1. Ìgbà mẹ́ta, ẹsẹ 24, 26 àti 28, Pọ́ọ̀lù sọ nípa àwọn tó kẹ̀yìn sí Ọlọ́run pé Ọlọ́run fi wọ́n sílẹ̀, ìyẹn ni pé bí ìbínú yẹn ṣe máa ń rí nìyẹn, Ọlọ́run á yọwọ́, á jẹ́ kí èèyàn gba ọ̀nà tó ń wá. Wọ́n mẹ́nu ba C. H. Dodd, ọ̀mọ̀wé ọmọ Wales tó kọ̀wé lórí Róòmù ní 1932, tó ní ìbínú Ọlọ́run ò ju pé ẹ̀ṣẹ̀ ń so èso ara ẹ̀ lọ, kì í ṣe pé Ọlọ́run fúnra Ẹ̀ ń bínú. Bọ̀dá kan níwájú mi ní òun gba tiẹ̀, ó ní ó tuni lára. Màmá ò bá a jiyàn, wọ́n kàn bi í bóyá ó lè gbàdúrà sí Ọlọ́run tí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, ò bí nínú. Ẹ rántí Sunday Pẹ́ńtíkọ́sì, June 5, 2022, tí àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis níbẹ̀, tí wọ́n yìnbọn pa ọmọdé àtàgbà lórí ìjọsìn. Gbọ̀ngàn dákẹ́ pátápátá. Bọ̀dá yẹn tẹrí ba, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Màmá ní Miroslav Volf, ọmọ Croatia tó ń kọ́ni nípa ẹ̀kọ́ Ọlọ́run ní yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, òun náà ti rò nígbà kan pé ìbínú ò yẹ Ọlọ́run, ogun tó jà nílẹ̀ wọn lọ́hùn-ún ló yí i lọ́kàn padà, ó rí i pé Ọlọ́run tí ò bá bínú sí irú ìyẹn ò nífẹ̀ẹ́ àwọn tí wọ́n pa.

Kí n tó gbàgbé, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà nínú "fi wọ́n sílẹ̀" yẹn, òun kan náà ló wà ní Róòmù 8 ẹsẹ 32, níbi tí Ọlọ́run ò ti dá Ọmọ Rẹ̀ sí, tó jọ̀wọ́ Ẹ̀ lọ́wọ́ fún gbogbo wa. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni wọ́n lò lórí ìyẹn, ó sì yẹ kí wọ́n lo wákàtí kan.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin gan-an ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ gbogbo èyí. Màmá wọlé, wọn ò ṣí Bíbélì, wọ́n kọjú sí Baba kan tó máa ń jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Baba yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún, agboolé babaláwo ni wọ́n dàgbà sí kí wọ́n tó di Kristẹni. Màmá ní "Baba, ẹ bá mi ṣàlàyé ètùtù fún àwọn ọmọ yìí." Baba kọ́kọ́ fẹ́ má sọ ọ́, wọ́n ní ṣé nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá wọ́n ní bí nǹkan bá ti dojú rú, àìsàn ni o, ọjà tí ò tà ni o, wọ́n á difá, ifá á ní irúnmọlẹ̀ báyìí ló ń bínú, á dárúkọ ohun tó máa gbà, obì, epo, àkùkọ, ìgbín torí omi ìgbín tutù, ẹ̀rọ̀ ni. Ohun tó gbóná ni wọ́n fẹ́ tù. Màmá ní "Ta ló ń ra gbogbo ẹ̀?" Baba ní "Ẹni tí wọ́n ní ó ṣẹ̀ ni kẹ̀, ṣé òrìṣà ló máa rà á ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Màmá nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí Baba bá wa ka Jòhánù Kìíní orí 4 ẹsẹ 10. Baba wọ gíláàsì wọn, wọ́n ń kà á lọ, pé kì í ṣe pé àwa fẹ́ Ọlọ́run, Òun ló fẹ́ wa, tó sì rán Ọmọ Rẹ̀ láti jẹ́, Baba bá dúró. Ọ̀rọ̀ tó kàn ni ètùtù. Wọ́n gbójú sókè wo Màmá, wọ́n tún wo ìwé, wọ́n fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ sá lọ. Wọ́n ní "Òun ló ra ẹran ẹ̀ fúnra Ẹ̀." Wọ́n tún un sọ, ohùn wọn ti yí padà. "Ẹni tí a ṣẹ̀ ló ra ẹran ètùtù."

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, látorí Àjàyí Crowther tí Róòmù tó túmọ̀ jáde ní 1850 títí gbogbo Bíbélì fi pé ní 1884, àárín àwọn tó mọ ètùtù dáadáa ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn náà ló sì wà nínú Bíbélì wa. Mo ti kà á lọ kà á bọ̀ láìrí i. Màmá tún ṣe àlàyé kan tí mo kọ sílẹ̀, pé ètùtù yẹn kọ́ ló sọ Ọlọ́run di onífẹ̀ẹ́, ìfẹ́ ti wà ńlẹ̀ kí ètùtù tó dé, ìfẹ́ ló rán an. Mo jókòó síbẹ̀ mo ń ronú ìdámẹ́wàá ọdún mẹ́rin. Ètùtù ni mò ń ṣe. Oṣooṣù ni mò ń gbé obì lọ bá Ẹni tó ti ṣe é tán.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ọ̀sẹ̀ karùn-ún ò dáa. Màmá rìnrìn àjò, wọ́n pe àlejò kan wá kọ́ wa lórí àgbélébùú, ìyẹn wá sọ ìtàn baba kan tí ọmọ ẹ̀ àkọ́kọ́ jalè, tó wá na ọmọ kejì tí ò ṣe nǹkankan títí ara ẹ̀ fi bẹ́jẹ̀, torí ìdájọ́ gbọ́dọ̀ ṣẹ. Arábìnrin kan dìde ó jáde síta, kò padà wọlé lọ́jọ́ náà. Èmi náà fẹ́ẹ̀ jáde. Bí ẹnì kan bá ṣe irú ẹ̀ ládùúgbò wa, àwa la máa pe ọlọ́pàá. Màmá padà dé lọ́sẹ̀ kẹfà wọ́n sì kọ́kọ́ tún un ṣe, wọ́n ní ìtàn yẹn ò tọ̀nà torí ó pín Baba àti Ọmọ níyà bíi ti Marcion, Jésù fúnra Ẹ̀ ní kò sí ẹni tó gba ẹ̀mí Òun lọ́wọ́ Òun, Òun ló fi í lélẹ̀, Pọ́ọ̀lù sì ní Ọlọ́run wà nínú Kristi tó ń bá aráyé làjà. Àtúnṣe yẹn dáa, ṣùgbọ́n arábìnrin yẹn ò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ, ó ṣì ń dùn mí.

Ibòmíràn tí wọn ò ṣe dáadáa ni ọ̀rọ̀ àwọn ará Ámálékì nínú Sámúẹ́lì Kìíní orí 15, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí Sọ́ọ̀lù pa gbogbo wọn tọmọdé tàgbà. Ọ̀dọ́kùnrin kan béèrè nípa àwọn ọmọ ọwọ́ inú ẹ̀, ìbéèrè tó lágbára gan-an, wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sáré kọjá lórí ẹ̀, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò tẹ́ èmi náà lọ́rùn. Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà tún ń pariwo lábẹ́ fèrèsé, ìwé tí wọ́n fún wa sì ṣá débi pé mi ò rí ojú ewé kẹsàn-án kà. Pọ́fù-pọ́fù wọn gbóná, ó dùn, ìyẹn pé.

Lọ́sẹ̀ kẹfà tí wọ́n ní ká béèrè ohun tó bá wù wá, mo dìde sọ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Màmá ò wàásù fún mi. Wọ́n ní ká ṣí Lúùkù 13, ilé ìṣọ́ tó wó ní Sílóámù tó pa èèyàn méjìdínlógún, tí Jésù bi wọ́n bóyá wọ́n rò pé àwọn yẹn lẹ́ṣẹ̀ ju gbogbo ará Jerúsálẹ́mù lọ, tó sì fúnra Ẹ̀ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Màmá ò gé ẹsẹ náà kúrú, wọ́n ka ibi tó ti ní kí gbogbo wa ronú pìwà dà, wọ́n ní èmi pẹ̀lú ẹni tó wá bá mi níwájú ṣọ́ọ̀bù ló ń bá wí. Wọ́n wá wò mí, wọ́n ní "Ìyá, wáyà yẹn ńkọ́, ta ló so ó?" Mo bú sẹ́kún. Nínú ọdún mẹ́rin, ẹnikẹ́ni ò béèrè wáyà lọ́wọ́ mi.

Mo ṣì ń san ìdámẹ́wàá mi o, kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Oṣù tó kọjá ọjà ò yá, mo jẹ gbèsè ẹ̀, mo sì sùn lóru ọjọ́ náà.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, àlejò ọ̀sẹ̀ karùn-ún ló mú ìkan lọ. Wọ́n ní àwọn máa tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Àjíǹde. Bí ẹnì kan tó ti ṣe é rí bá pè yín, ẹ tètè san owó, ẹ mú Bíbélì Yorùbá oní-lẹ́tà ńlá dání torí iná ibẹ̀ ò mọ́lẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé apá òsì, Baba ṣì ń wá.