Ìkìlọ̀ fún ẹni tó ń pààrọ̀ bátìrì ọkọ̀: ẹ má tètè sanwó brain box

Ẹ̀yin ará tí a jọ ń wa ọkọ̀ tọ́kùnbọ̀, mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí nítorí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kan tí àwọn rìwáyà kan ń lò fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bátìrì tuntun. Wọ́n á so bátìrì náà mọ́ ọkọ̀, iná ìkìlọ̀ bíi méjì tàbí mẹ́ta á tàn lójú dáṣíbọọ̀dù, wọ́n á sì sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ pé brain box rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ti jó. Òótọ́ ni pé iná tàn. Inú ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni irọ́ wà. Mo ti san ₦165,000 kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Volkswagen Jetta ọdún 2008 ni mo ń wà ní Ìbàdàn. Bátìrì rẹ̀ ti gbó débi pé àfi kí n yá iná lára ọkọ̀ aládùúgbò kí ó tó dáhùn láàárọ̀, nítorí náà mo lọ ra tuntun. Ẹni tó tà á fún mi pe rìwáyà tó ń jókòó níwájú ìsọ̀ rẹ̀ pé kó bá mi so ó. Ó so ó tán, mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dáhùn kíá, ṣùgbọ́n iná ESP (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀ lójú ọ̀nà) tàn, iná tó ní àwòrán sítíárìn náà tàn, méjèèjì ní àwọ̀ yẹ́lò, aago inú ọkọ̀ sì ti padà sí òfo. Ọkùnrin náà mi orí, ó ní, "Mọ́mì, bátìrì àtijọ́ yẹn ti ṣe yín níjàǹbá o. Brain box ló lọ yẹn. Bí ẹ bá gbé e jáde báyìí, ó lè kú mọ́ yín lọ́wọ́ lórí ìrìn." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló mú mi, nítorí ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó ni mò ń gbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ọ̀nà náà tí yóò fẹ́ kí ọkọ̀ kú mọ́ òun lọ́wọ́ níbẹ̀. Ó ní òun á ránṣẹ́ sí Ládípọ̀ kí wọ́n bá òun wá ojúlówó Bẹ́líjọ̀mù, pé iye tí mo sọ lókè yẹn ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ pẹ̀lú owó iṣẹ́. Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún un. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, gbogbo iná ti kú, ó fi àpótí irin pẹlẹbẹ kan hàn mí nínú ọ̀rá pé èyí tó jó nìyẹn, mo dúpẹ́, mo sì kówó sílẹ̀.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, nǹkan funfun kan hù sí ẹnu ibi tí wáyà ti so mọ́ bátìrì. Mo tú wáyà náà fúnra mi, mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, mo nù ún gbẹ, mo sì so ó padà. Ni iná ESP àti ti sítíárìn bá tún yọjú gẹ́gẹ́ bíi ti ìjọ́sí. Àyà mi já. Mo gbéra láti lọ bá rìwáyà náà jà pé brain box tó tà fún mi kò tọ́jọ́. Ẹnu ọ̀nà ilé wa há, nítorí náà mo ní láti yí sítíárìn títí dé òpin lápá òsì, kí n tún yí i títí dé òpin lápá ọ̀tún, kí n tó já sí títì. N kò tí ì kọjá òpó iná mẹ́ta nígbà tí iná sítíárìn kú fúnra rẹ̀, tí ti ESP sì tẹ̀ lé e. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo pa ọkọ̀, mo tún un tàn. Kò sí iná kankan.

Ohun tó fà á kò le rárá. Sẹ́ńsọ̀ kan wà nídìí sítíárìn tó ń sọ fún ESP ibi tí a kọ orí táyà sí. Bí iná bátìrì bá já, ó lè gbàgbé ibi tí ọ̀gangan iwájú wà, ESP yóò sì tan iná láti sọ pé òun kò tí ì ríran. Bí a bá yí sítíárìn dé òpin lápá méjèèjì, tí a sì wa ọkọ̀ lọ tààrà díẹ̀, ó máa rántí, iná náà á sì kú. Àwọn ìwé ìlò ọkọ̀ Volkswagen kò fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́: wọ́n sọ pé iná náà lè tàn lẹ́yìn tí a bá tú bátìrì tí a sì so ó padà, pé ó sì gbọ́dọ̀ kú lẹ́yìn ìrìn ṣókí. Èmi ni n kò ṣí ìwé tèmi láti ọjọ́ tí mo ti ra ọkọ̀. Àwọn nǹkan mìíràn náà máa ń ṣe bí ẹni tó sùn jí: gíláàsì fèrèsé lè kọ̀ láti gòkè fúnra rẹ̀ ní títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì lè máa gbọ̀n díẹ̀ fún ìgbà kúkúrú, rédíò Honda sì lè béèrè nọ́ńbà àṣírí. Mo ti rí ẹni tí wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí nọ́ńbà rédíò yìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni Honda ń fún ẹni tó ni ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó yẹ kó ti ta mí lólobó wà níwájú mi gbangba. Nínú ọkọ̀ bíi tèmi, brain box ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀rọ tó ń dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀ ti mọ ara wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ti ọkọ̀ mìíràn wọ inú rẹ̀ láìfi kọ̀ǹpútà àti nọ́ńbà àṣírí so wọ́n pọ̀, ẹ́ńjìnnì á dáhùn, á sì kú lójú ẹsẹ̀. Rìwáyà yìí kò ní ju pínsì, sípánà 10 àti gílóòbù kékeré tó fi ń dán wáyà wò. Nígbà tí mo padà lọ bi í, ó ní brain box tuntun ti mọ ọkọ̀ mi lára, òun ló fi tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹni tó ta bátìrì kò gbójú sókè. Wọn kò dá kọ́bọ̀ padà.

Nítorí náà, bí iná yẹ́lò bá tàn lẹ́yìn tí wọ́n so bátìrì, ẹ kọ́kọ́ di wáyà méjèèjì mú kí ẹ wò ó bóyá wọ́n mì, nítorí wáyà tí kò le dáadáa máa ń mú kí iná oríṣiríṣi tàn pọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi mítà wọn iná bátìrì: nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní pípa, bátìrì tó kún máa ń fi nǹkan bíi fóòtì (volt) 12.6 hàn, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ń ṣiṣẹ́, ó sábà máa ń wà láàárín 13.5 sí 14.5. Lẹ́yìn náà, ẹ yí sítíárìn bí mo ṣe wí, kí ẹ wa ọkọ̀ yí àdúgbò ká. Èyí tó bá kọ̀ tí kò kú, ẹ lọ fi scanner, ẹ̀rọ tó ń ka àkọsílẹ̀ àṣìṣe ọkọ̀, wò ó lọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí kì í ṣe òun ló máa tà yín ní ohun tuntun. Scanner kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ dára, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kì í ka ju ti ẹ́ńjìnnì lọ. Ti ABS (bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há) àti ti airbag ń fẹ́ èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná pupa kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ti ọ́ìlì, ti bíréèkì, ti ooru ẹ́ńjìnnì, tàbí àwòrán bátìrì tó ṣì ń tàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ má gbé ọkọ̀ rìn pẹ̀lú wọn. Kí ẹ sì máa wo ọwọ́ ẹni tó ń so ó: wáyà òdì ni à ń kọ́kọ́ tú, òun náà ni à ń so kẹ́yìn. Bí ó bá ṣi wọ́n so, tí fíùsì ńlá sì já, gbèsè tirẹ̀ nìyẹn.

Wáyà kan náà ni àwọn tó ń ta ọkọ̀ fi ń ṣe òdìkejì ẹ̀tàn yìí. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ rà á ń bọ̀, wọ́n á tú bátìrì fún ìgbà díẹ̀ kí iná check engine tó ti ń tàn láti oṣù pípẹ́ lè kú, kí ojú dáṣíbọọ̀dù sì mọ́ bí àwo. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e délé, tí ẹ ti wà á fún ọjọ́ mélòó kan, iná náà á padà. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń tú u nítorí ọkọ̀ tó pẹ́ lójú kan kí bátìrì má baà kú, n kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ẹ wo aago àti rédíò bóyá wọ́n ti gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì: iná check engine gbọ́dọ̀ yọjú nígbà yẹn, kí ó sì kú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá dáhùn, bí kò bá yọjú rárá, ẹnìkan lè ti yọ ọ́ kúrò tàbí bò ó mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní Amẹ́ríkà láti ti ọdún 1996 síwájú ní ojú ihò scanner, ó sì sábà máa ń wà lábẹ́ sítíárìn. Bí scanner bá sọ pé ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ń ṣe fún ara rẹ̀ kò tí ì parí, tàbí pé kìlómítà díẹ̀ péré ni ó ti rìn láti ìgbà tí wọ́n ti pa àkọsílẹ̀ àṣìṣe rẹ́, ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án láìpẹ́. Àwọn tó jáde lẹ́yìn ọdún 2010 tilẹ̀ ń tọ́jú àkọsílẹ̀ kan tí títú bátìrì kò lè pa rẹ́. Bí oníṣòwò bá sọ pé òun kò gbà kí ẹ ki scanner bọ ọkọ̀ òun, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún un.