Àpótí oníkọ́kọ́rọ́ mẹ́ta: ètò ìrànlọ́wọ́ ìjọ Luther kan ní Àjàṣẹ́

Oṣù keje nìyí tí mo ti ń sin ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, lọ gba ìpín oúnjẹ àti àyẹ̀wò ara lọ́dọ̀ ìjọ Luther kékeré kan ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín, ìlú tí a tún ń pè ní Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn ará àdúgbò kò yé bi mí léèrè nípa rẹ̀: ṣé oúnjẹ náà tó nǹkan, ṣé wọn kì í fi ẹ̀wà fa ènìyàn wọ ìjọ, ṣé owó tí wọ́n ń dá jọ ń dé ọwọ́ aláìní lóòótọ́. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni èmi, Mùsùlùmí sì ni Ìyá Àgbà, nítorí náà kò sí ohun tí ó lè mú mi gbè sẹ́yìn wọn ju bí ó ti yẹ lọ. Bí mo ti rí i ni n ó ṣe sọ ọ́, àti èyí tí ó dùn mọ́ mi àti èyí tí ó dùn mí.

Ìjọ Luther kò wọ́pọ̀ ní ìlú wa. Bí a bá dárúkọ ìjọ ní Àjàṣẹ́, Kátólíìkì àti Mẹ́tọ́díìsì ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ènìyàn, àti ìjọ Aláṣọ Funfun tí Oshoffa dá sílẹ̀ ní ìlú yìí gan-an ní ọdún 1947. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi rò pé ìjọ tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lánàá ni ti Luther, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọdún 1517 ni Martin Luther, àlùfáà àti olùkọ́ ní ìlú Wittenberg ní Jámánì, ti gbé kókó ọ̀rọ̀ 95 jáde lórí títa ìwé ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìjọ náà ti ṣẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì nínú oṣù ni wọ́n ń pín nǹkan. Gaàrí, ẹ̀wà, iyọ̀, ọṣẹ àti epo pupa ni wọ́n sábà máa ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àgbàdo a sì máa rọ́pò gaàrí ní ìgbà tí ó bá pọ̀ lọ́jà. Kò lè bọ́ ilé fún oṣù kan, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé yóò bọ́ ọ. Fún arúgbó tí ń dá gbé, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì bí ó bá ṣọ́ ọ jẹ. Ìyàwó ilé kan tí ó ti ń ta oúnjẹ tútù rí ni ó ń wọn ẹ̀wà, mo sì fara balẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀, nítorí gbogbo wa ni a mọ ohun tí àwọn kan ń fi ìdí agolo ṣe lọ́jà. Òkìtì ni ó ń bù ú, kì í fi ọwọ́ gé orí rẹ̀, èyí tí ó bá sì dà sílẹ̀, ó ń ṣà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú àpò ẹni tí ó ń wọ̀n ọ́n fún, kì í dá a padà sínú àpò ńlá. Láti ọjọ́ tí mo ti rí èyí ni mo ti mọ̀ pé àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí kò kà á sí sàráà tí a ń jù sí ènìyàn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ níbẹ̀ ni àpótí owó wọn. Àpótí pákó ni, ó ga tó orúnkún, ó sì ní àgádágodo mẹ́ta. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ akápò, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìyá tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, ẹ̀kẹta sì wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́kùnrin kan tí ń ṣe iṣẹ́ télọ̀. Pásítọ̀ kò ní ìkankan. Bí ẹnì kan nínú àwọn mẹ́ta náà kò bá sí nílé, àpótí kò ní ṣí, bí ó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà kánjú tó. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí pín nǹkan, akápò a dìde, a sì ka iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde láti inú ìwé kan tí gbogbo ètí rẹ̀ ti ká, títí dé owó zẹ̀míjàn, ọ̀kadà tiwa níhìn-ín, tí ó gbé àpò gaàrí láti ọjà. Mo rò pé ọgbọ́n tiwọn nìkan ni, títí tí mo fi kà á pé ó ti pẹ́: ní ọdún 1523, ìlú kékeré kan ní Jámánì tí ń jẹ́ Leisnig gbé irú àpótí bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún aláìní, Luther fúnra rẹ̀ sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìlànà wọn. Àgádágodo mẹ́rin ni tiwọn, ènìyàn mẹ́wàá ni ó sì ń ṣọ́ ọ, tí wọ́n yàn láti inú àwọn ọlọ́lá, ìgbìmọ̀ ìlú, ará ìlú àti àwọn àgbẹ̀ ìgbèríko, kí ìpín ẹgbẹ́ kan má bàa dá àṣẹ pa lórí owó gbogbo ènìyàn.

Ní ti ìbéèrè pé ṣé wọn kì í fi oúnjẹ fa ènìyàn wọ ìjọ, n kò rí i kí wọ́n ṣe é. Wọ́n ń gbàdúrà kúkúrú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ dara pọ̀ a sì jókòó sí abẹ́ igi máńgòrò níta, kò sì dí i lọ́wọ́ láti gba ìpín tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ wọn gan-an kò gba òwò bẹ́ẹ̀ láàyè, nítorí ohun tí Luther tẹnu mọ́ ni pé iṣẹ́ rere kì í ra ìgbàlà fún ẹni tí ó ṣe é, oore-ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà dé, tí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà wú, tí kò lè rìn, àwọn obìnrin méjì gbé ìpín rẹ̀ wá sílé ní ìrọ̀lẹ́, inú agbọ̀n ọjà ni wọ́n sì kó o sí, wọ́n fi aṣọ bò ó, tí ẹnikẹ́ni ní ojúlé wa kò fi mọ̀ bóyá ìbẹ̀wò lásán ni. Ó kí wọn, ó kí wọn, kò mọ ìgbà tí yóò dákẹ́.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ èdè ń bà mí nínú jẹ́. Faransé ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ìkéde, wọn a sì fi díẹ̀ kún un ní èdè Ègùn. Ní oṣù kẹrin, dókítà ojú kan gbà láti wá yẹ ojú àwọn arúgbó wò lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n kéde rẹ̀ ní Faransé ní ìgbà kan ṣoṣo, Ìyá Àgbà jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn, kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Èmi ti jáde lọ wá omi fún un. Ó pàdánù ọjọ́ náà, àwọn ìyá Nàgó mẹ́ta mìíràn, àwọn Yorùbá ìlú wa, sì pàdánù rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ̀kan nínú àwọn díákónì, ó ní, "Ẹ má bínú, ṣùgbọ́n a kúkú kéde rẹ̀." Mo rán an létí orí kẹfà ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, níbi tí àwọn opó tí ń sọ èdè Gíríìkì ti ń pàdánù ìpín ojoojúmọ́, tí wọ́n sì yan àwọn ọkùnrin méje láti bójú tó o, gbogbo orúkọ àwọn méje náà ni ó jẹ́ ti Gíríìkì. Ìjọ tí ń jẹ́ orúkọ Luther ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ rí èyí, nítorí Luther ni ó túmọ̀ Májẹ̀mú Tuntun sí èdè Jámánì ní 1522 àti Bíbélì lódindi ní 1534, kí àgbẹ̀ àti ìyá ọlọ́jà lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé.

Díákónì náà gbọ́ mi, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti fi ọmọbìnrin kan sídìí títúmọ̀ sí Yorùbá, ó sì gbọ́ èdè náà dáadáa, ṣùgbọ́n bí akápò bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbólóhùn méjì ni ó máa ń kù lẹ́nu rẹ̀. Ìjókòó náà kò tó, oòrùn sì ń pa ẹni tí ó bá pẹ́ dé.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó dé ibẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù, kí ó mú àpò àti ìgò epo tirẹ̀ lọ́wọ́, kí ó sì mú ìwé ilé ìwòsàn rẹ̀ dání, nítorí nọ́ọ̀sì àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún gbogbo ẹni tí ó bá wá. Kí ó wá ìjókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọmọbìnrin ògbufọ̀ náà. Ní Àbámẹ́ta tí ó kọjá, nọ́ọ̀sì ka iye ẹ̀jẹ̀ ríru Ìyá Àgbà ní Faransé, ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sétí rẹ̀, ó ní, "Mẹ́rìndínlógún lórí mẹ́sàn-án, Màmá, ẹ dín iyọ̀ kù." Ìyá Àgbà ní kí ó tún un sọ. Orí zẹ̀míjàn ni a wà tí ó ṣì ń kà á fún ara rẹ̀, mẹ́rìndínlógún lórí mẹ́sàn-án, títí tí a fi dé ẹnu ọ̀nà.