RAM ẹyọ kan, méjì tàbí mẹ́ta: èwo ló yẹ kọ̀ǹpútà orí tábìlì yín?

Ẹ̀rù máa ń ba ẹni tó fẹ́ fi ẹyọ RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) kẹta kún méjì tó ní pé kọ̀ǹpútà lè má gbà á. Lọ́pọ̀ ìgbà, yóò gbà á. Kọ̀ǹpútà á tàn, á sì rí gbogbo rẹ̀. Bí CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ṣe máa rí RAM náà lò ni kí ẹ gbájú mọ́ kí ẹ tó náwó.

Ọ̀nà méjì ni CPU ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń gbà dé ọ̀dọ̀ RAM, wọ́n ń pè wọ́n ní A àti B. Bí motherboard, pátákó tí àwọn ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà so mọ́, bá ní ihò RAM mẹ́rin, méjì wà lójú ọ̀nà A, méjì wà lójú ọ̀nà B. Bí RAM bá wà lójú méjèèjì, CPU á máa kó dátà gba ibẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ni dual channel tí ẹ ń rí lára páálí. Nítorí náà, GB tó wà lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa kà. Ẹyọ méjì tí wọ́n kì sójú ọ̀nà A nìkan kò sàn ju ẹyọ kan lọ ní ti ká kó dátà.

16 GB ẹyọ kan àbí 8 GB méjì?

Bí ó bá jẹ́ DDR4-3200 (DDR4 ni ìran RAM náà, 3200 ni ìyára rẹ̀), ọ̀nà kan lè kó 25.6 GB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀nà méjì lè kó 51.2 GB. Ẹni tó ń tẹ lẹ́tà tàbí tó ń wo fídíò lè má mọ ìyàtọ̀ kankan. Kọ̀ǹpútà tí kò ní káàdì graphics lọ́tọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn jù, torí inú RAM kan náà ni graphics rẹ̀ àti CPU ti jọ ń jẹun, géèmù á sì máa fà tìkọ̀. Fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, 8 GB méjì ni mo fara mọ́, láìṣiyèméjì.

Ẹyọ kan wúlò fún ẹni tí ihò méjì péré wà lórí motherboard rẹ̀, tó sì fẹ́ dé 32 GB láìpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé RAM tí ẹ bá rà lọ́jọ́ mìíràn lè ní chip mìíràn nínú bí orúkọ ara rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Méjì tó wà nínú páálí kan náà ló fọkàn ẹni balẹ̀ jù.

Ẹyọ mẹ́ta ńkọ́?

Ká ní 8 GB mẹ́ta ni: ọ̀nà A ní 16, ọ̀nà B ní 8. Lórí ẹ̀rọ Intel tó ní Flex Mode, 8 láti A àti 8 láti B á jọ ṣiṣẹ́ ní dual channel, 8 tó ṣẹ́kù á máa gba ọ̀nà kan. Bí 16 GB bá ti ń kún lọ́wọ́ yín, 24 GB yìí sàn ju kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, torí bí RAM bá kún, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù lọ sórí SSD, ibi tó ń tọ́jú fáìlì sí, bí SSD sì ṣe yára tó, kò tó RAM rárá. Bí 16 náà kò bá kún, ẹ má rà á.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra 24 GB lè gba ọ̀nà mìíràn: 16 kan àti 8 kan. Ìpín rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti mẹ́ta yẹn, síbẹ̀ ẹyọ kan péré ló wà lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Èyí ṣe pàtàkì gan-an fún DDR5, ìran RAM tó tẹ̀ lé DDR4, torí ẹyọ kejì lójú ọ̀nà kan máa ń wúwo fún CPU. Fún Ryzen 7000, CPU tí AMD ń ṣe, AMD fọwọ́ sí DDR5-5200 bí ẹyọ bá jẹ́ méjì, ṣùgbọ́n DDR5-3600 bí ó bá jẹ́ mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹni tó ń wá 48 GB ra 24 GB méjì dípò 16 GB mẹ́ta.

Mẹ́ta kan wà tó dọ́gba dáadáa: 8 méjì lójú A, 16 kan lójú B. Dual channel ni gbogbo 32 GB náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà tó ń lo X58, chipset orí motherboard tí Intel gbé jáde ní 2008: ọ̀nà mẹ́ta ló ní, mẹ́ta tó bára mu ló sì yẹ ẹ́.

Nígbà tí ẹ bá ń kì í

DDR4 kò wọ ihò DDR5, ẹ kọ́kọ́ yẹ ìyẹn wò. Lórí ọ̀pọ̀ motherboard oníhò mẹ́rin, ihò kejì láti ẹ̀gbẹ́ CPU ni ti ẹyọ kan. Kejì àti ìkẹrin ni ti méjì. Fún mẹ́ta, ẹ wo ìwé tó bá motherboard wá. Ẹyọ RAM tó lọ́ra jù ni gbogbo wọn máa bá rìn.

Bí ó bá ti tàn, ẹ wo abala Memory nínú CPU-Z, ètò tó ń fi ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà hàn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí MemTest86, ètò tó ń dán RAM wò, ṣiṣẹ́ mọ́jú. Bí àṣìṣe bá yọjú, ẹ pa XMP tàbí EXPO (ètò tó ń mú kí RAM sáré ju bó ṣe yẹ lọ) nínú BIOS, ojú ewé ètò motherboard, kẹ́ ẹ tún un dán wò, kẹ́ ẹ tó sọ pé RAM ló bàjẹ́.