Ohùn áńpù àtijọ́ láti inú HX Stomp: bí mo ṣe rí i l'Ádó-Èkìtì

Áńpù jìtá Fender Deluxe Reverb tòkúnbọ̀ ni mo fi kọ́ etí mi. Iná Amẹ́ríkà, 120 volt, ni wọ́n ṣe é fún, torí náà orí stepdown, ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù, ló máa ń wà. Níbi ìṣọ́ òru kan ní Ìkẹ́rẹ́, ẹnì kan tú wáyà rẹ̀, ó sì so ó mọ́ iná 240 volt tààrà. Transformer inú rẹ̀ jó lójú ẹsẹ̀. Ó dùn mí wọra.

Bí mo ṣe ra HX Stomp ti Line 6 nìyẹn, pedal kékeré tó ń sín ohùn áńpù jẹ. Ó wọ inú àpò jìtá, ọ̀kadà sì ń gbé èmi pẹ̀lú rẹ̀ láti Basiri lọ síbi ìnáwó. Deluxe Reverb ni wọ́n wò ṣe áńpù tí wọ́n pè ní US Deluxe nínú rẹ̀.

Oṣù àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ dára nínú earpiece. Àmọ́ tó bá dé orí sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì, treble á máa gún etí, bass á wú bọ̀ǹbọ̀. Ìgbà tó yá ló yé mi: bí ariwo bá ṣe ń pọ̀ sí i ni etí wa ṣe ń gbọ́ bass àti treble sí i. Ohùn tí a tò jẹ́jẹ́ ní yàrá kò lè rí bákan náà lóde. Látìgbà náà, orí sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni mo ti ń tò ó, bó ṣe máa ké lọ́jọ́ ìnáwó.

Ohun mìíràn wà tó ṣe kókó jùyẹn lọ. Kì í ṣe áńpù lásán là ń gbọ́ nínú HX Stomp, áńpù tí wọ́n gbé máìkì sí níwájú ni. Sípíkà jìtá, oní-íǹṣì 12, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ohùn tó bá ti kọjá 5,000 hertz, àmọ́ sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé gbogbo ẹ̀. Mo fi High Cut, tó ń gé ohùn òkè, sí nǹkan bíi 6,000 hertz, Low Cut, tó ń gé ti ìsàlẹ̀, sí 90, mo sì fi 121 Ribbon rọ́pò 57 nínú àwọn máìkì inú rẹ̀. Ariwo tó ń kùn bí oyin lókè ohùn náà lọ.

Master, ìyẹn volume ìkẹyìn áńpù inú rẹ̀, ńkọ́? Mo ti fà á wálẹ̀ sí 3, ohùn kú. Deluxe gidi kò ní Master rárá, torí náà ẹ fi sí 10, kí ẹ máa fi Ch Vol (Channel Volume) dín ariwo kù. Drive mi, tó ń mú ohùn há, wà láàárín 4 sí 5: bí mo bá rọra ta okùn, ohùn mọ́ kedere, bí mo bá tẹ̀ ẹ́ gidi, ó há díẹ̀, bí ohùn ẹni tó kọrin mọ́jú. Volume ara jìtá ni mo fi ń darí ìyókù. Ẹ dán Sag náà wò, tó ń ṣe bí ìgbà tí iná inú áńpù ń rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti lo áńpù oní-tube bíi Deluxe nígbà tí iná NEPA lọ sílẹ̀ á mọ bí ohùn ṣe ń rọ̀ lábẹ́ ìka.

Adaptor rẹ̀ jẹ́ 9 volt, 3 amp. Èyí tí a ń lò fún pedal kékeré kò lè gbé e.

Afẹ́fẹ́ sípíkà tó máa ń fẹ́ lu ṣòkòtò mi lẹ́yìn nìkan ni mi ò rí níbẹ̀. Mo sún mọ́ ọn lọ́jọ́ tí mo pa Cab inú rẹ̀, ìyẹn àfarawé sípíkà àti máìkì, tí mo gbé ohùn náà gba power amp, tó ń fún ohùn lágbára, lọ sínú sípíkà jìtá. Deluxe mi ṣì wà ní igun yàrá. Mo ń wá transformer tí wọ́n ṣe fún 240 volt.