Blue Line láti Mile 2 sí Marina: Ọkọ̀ Ojú Irin tó Jẹ́ kí Èrò Mọ Àsìkò tí Yóò Dé

Ẹni tó bá ń gbé ní Mile 2, Festac, Àmúwò tàbí Ọ̀jọ́, tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Erékùṣù Èkó, ẹnikẹ́ni kò ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ fún un. Ní Mile 2 ni òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì ti pàdé òpópónà Àpápá sí Oṣòdì. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ àjàgbé ńláńlá tó ń lọ kó ẹrù ní èbúté Àpápá àti Tin Can ń gbà, ibẹ̀ náà sì ni dánfó, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ti ń du ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí àwọn èèyàn bá bi mí léèrè bí ọkọ̀ ojú irin Blue Line ṣe rí, n kì í fi ẹ̀rọ amúlétutù tàbí bí àga rẹ̀ ṣe mọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àsìkò ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ. Láti Mile 2 dé Marina kò tó ìdajì wákàtí, bó bá sì ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà ló ń rí lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá fi àdéhùn aago mẹ́sàn-án sí ọ́fíìsì kan ní Broad Street lè sọ fún ẹni tó ń dúró dè é pé òun ń bọ̀, kó sì dé bó ṣe wí. Ó pẹ́ tí èrò ojú ọ̀nà Àgbádárìgì ti ń wá irú ìfọ̀kànbalẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó pẹ́ lóòótọ́. Ní ọdún 1983 ni Lateef Jakande, gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó nígbà náà, ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọkọ̀ ojú irin inú ìlú tí wọ́n ń pè ní Metroline, ìjọba ológun sì wọ́gi lé e ní 1985. Ọdún 2010, lábẹ́ ìjọba Babatunde Fashola, ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí Blue Line, ilé iṣẹ́ CCECC láti orílẹ̀-èdè China ló sì gba iṣẹ́ náà. Ó ti ọwọ́ Fashola dé ọwọ́ Akinwunmi Ambode, ó sì ti ọwọ́ Ambode dé ọwọ́ Babajide Sanwo-Olu. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari, ẹni tó jẹ́ olórí ìjọba ológun ní 1985 ọ̀hún, wá ṣí i. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni àwọn èrò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ tí wọ́n sanwó. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń wọ̀ ọ́ lónìí kò tíì sí láyé nígbà tí wọ́n fagi lé ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn òbí wọn wò, ẹ ó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn wọ́n tó.

Apá tó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí jẹ́ kìlómítà 13, ibùdókọ̀ márùn-ún ló sì ní: Mile 2, Suru-Alaba, Orílé, National Theatre ní Ìgánmú, àti Marina. Ẹ jẹ́ kí n tètè kìlọ̀ fún ẹni tí ọ̀nà náà kò bá mọ́ lára. Suru-Alaba kì í ṣe Alaba International, níbi tí wọ́n ti ń ta tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì. Ìyẹn wà ní Ọ̀jọ́, ó sì kọjá Mile 2 dáadáa, ọkọ̀ ojú irin yìí kò sì tíì dé apá ibẹ̀. Ẹni tó bá ti Marina ń bọ̀ láti lọ ra ẹ̀rọ ní Alaba gbọ́dọ̀ jókòó títí dé Mile 2, kó tó wá wọ ọkọ̀ mìíràn.

Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò lè fi owó ọwọ́ wọlé, ohun tó sì sábà máa ń dá ẹni tó kọ́kọ́ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Ẹ ó ra káàdì náà, ẹ ó fi owó sí i, ẹ ó fi kan ojú ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń wọlé, ẹ ó sì tún fi kàn án nígbà tí ẹ bá ń jáde, kí ẹ̀rọ náà lè ṣírò bí ìrìn àjò yín ṣe jìn tó. Mo rí ìyá àgbàlagbà kan ní Orílé tó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ abíyá, tó ń na káàdì náà sí ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ tó dúró níbẹ̀ bí ẹni tó ń na owó sí kọ̀ndọ́. Ọmọbìnrin náà tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, mà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi kan ibí yìí.” Ìyá fi kàn án, ọ̀nà sì ṣí. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, “Ṣé ó ti gba owó náà nìyẹn? Ọ̀rọ̀ ṣẹ́ńjì ńkọ́?” Ọmọbìnrin náà ní, “Kò sí ọ̀rọ̀ ṣẹ́ńjì níbí, mà. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ rí i pé ẹ tún fi kàn án kẹ́ ẹ tó jáde.” Ìyá ní, “O ṣé o, ọmọ mi. Olúwa á bá ẹ ṣe tìrẹ náà.”

Ẹni tí kì í bá wọ dánfó lè má mọ ìdí tí ìbéèrè ìyá yẹn fi ṣe pàtàkì. Nínú dánfó, kọ̀ndọ́ lè so èrò mẹ́ta tí wọn kò mọ ara wọn rí pọ̀ sórí náírà ẹgbẹ̀rún kan, kí ó ní kí wọ́n lọ pín in fúnra wọn nígbà tí wọ́n bá sọ̀. Bí ọ̀kan bá ń lọ sí Ọbáléndé, tí èkejì ń lọ sí Ìdúmọ̀tà, tí ẹ̀kẹta ti ń pẹ́ lẹ́yìn níbi iṣẹ́, ìjà ti dé nìyẹn. Káàdì Cowry mú ìjà yẹn kúrò pátápátá, èmi sì kà á sí ọ̀kan nínú oore ńlá tí ọkọ̀ yìí ṣe fún èrò. Káàdì kan náà yìí ni ẹ ó fi wọ bọ́ọ̀sì BRT, nítorí náà kì í ṣe owó tí ẹ fi pamọ́ sí ojú kan ṣoṣo. Ohun tí mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú ni pé kí wọ́n fi owó tó pọ̀ díẹ̀ sí i láti ilé, kí wọ́n má ṣe dúró di ìgbà tí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí èrò ti kún.

Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ náà yẹ kí a sọ. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, náírà 750 ni wọ́n fi sí Mile 2 dé Marina, ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ gé e sí ìdajì, ó di 375, nítorí pé owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo bẹntiróòlù ti kúrò láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ara sì ń ni gbogbo èrò ọkọ̀. Ẹ̀dínwó yẹn kò dúró bẹ́ẹ̀ títí, kò sì sí ẹni tó retí pé yóò dúró. Ohun tó ṣe pàtàkì jùlọ lójú tèmi ni pé iye kan náà ni gbogbo ẹni tó bá rin ìrìn kan náà ń san, wọ́n sì mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó kúrò nílé. Òjò kì í sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí èrò sì pọ̀ ju ọkọ̀ lọ ní CMS, owó dánfó lè fò sókè lójú ẹni, agbèrò á sì máa pariwo iye tuntun bí ẹni pé iye náà ló wà látọjọ́ tó ti pẹ́. Oníṣẹ́ oṣù tó ń fi ìwé ṣírò owó ọkọ̀ mọ ohun tí mo ń sọ.

Inú ọkọ̀ náà mọ́, ó sì tutù. Ìjókòó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́tùn-ún àti lósì, àwọn tó jókòó sì ń kọjú sí ara wọn, kí àárín lè gba àwọn tó dúró. Ìdúró ló pọ̀ ju ìjókòó lọ ní àárọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń dùn lè fẹ́ dúró di ìgbà tí àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ bá lọ tán, tàbí kí ó tètè dé. Mo ti rí i pé àwọn ọ̀dọ́ ń dìde fún àgbàlagbà àti aboyún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún wọn, inú mi sì dùn sí i. Wọn kò gba àwọn tó ń kiri ọjà láyè níbẹ̀, nítorí náà ẹ kò ní gbọ́ oníwàásù olóògùn tó ń polówó agbo jẹ̀díjẹ̀dí láti Orílé dé Marina. Ẹlẹ́rù ńlá, bí àwọn tó ń gbé àpò ìrẹsì tàbí ìdì aṣọ láti Balógun, yóò rí i pé kò sí ibi tí wọ́n ṣe fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Èrò lásán ni ọkọ̀ náà wà fún.

Apá tí mo fẹ́ràn jùlọ ni ibi tí ó ti kúrò ní Ìgánmú. Láti Mile 2 wá, àárín òpópónà ló ń gbà, ẹ ó sì máa wo àwọn mọ́tò tí kò kúrò lójú kan ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nígbà tó yá, ojú irin náà gòkè sórí afárá, orùlé National Theatre, tí wọ́n ti fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ báyìí, yọ sí yín, ọkọ̀ náà sì gba ọ̀nà Ìjọ́rà bọ́ sórí ọ̀sà. Omi ló wà nísàlẹ̀. Ẹ ó rí àwọn ẹ̀rọ gìrìwò tí wọ́n fi ń gbé ẹrù ní èbúté Àpápá, ẹ ó rí afárá Eko Bridge tí ọkọ̀ tò sí lọ rẹrẹ, ẹ ó sì rí àwọn ilé gíga Marina tí wọ́n ń sún mọ́ yín. Ní ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí àwọn tí ojú wọn wà lórí fóònù láti Mile 2 tí wọ́n á gbójú sókè. Ìlú tí a ti ń gbé látọjọ́ yìí lẹ́wà láti ibẹ̀, ó sì yẹ kí gbogbo ọmọ Èkó rí i bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán.

Iná mànàmáná ló ń gbé ọkọ̀ náà rìn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì ló ń fà á, ìrìn 12 péré ló sì ń rìn lójúmọ́, tí èrò fi ń pẹ́ lórí ìdúró. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n gbé e sórí iná, iye ìrìn rẹ̀ sì ju 50 lọ lójúmọ́ láti ìgbà náà. Irin kẹta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ni iná náà ń gbà, nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe lókè bí wáyà NEPA. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òbí tó ń gbé lẹ́bàá ọ̀nà náà, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín pé fífo ògiri láti gba ojú irin kọjá kì í ṣe eré. Iná tó wà nínú irin yẹn lè pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà, àtẹ̀gùn tó ń gbéra fúnra rẹ̀ àti ẹ̀rọ agbénigòkè sì wà ní àwọn ibùdókọ̀ fún àgbàlagbà àti ẹni tó ní ìpèníjà ara.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí ni ìpẹ̀kun méjèèjì. Ní Marina, ọkọ̀ já yín sílẹ̀ nítòsí CMS, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Broad Street tàbí Balógun lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ sí Victoria Island tàbí Lẹ́kkí yóò tún wọ ọkọ̀ mìíràn, á sì lè rí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ tó sá fún lẹ́yìn. Ti Mile 2 ló le jù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọ ọkọ̀ yìí kì í gbé ní Mile 2. Festac, Ọ̀jọ́, Òkòkòmáìkò àti ọ̀nà Àgbádárìgì ni wọ́n ti ń wá, wọ́n sì lè lo àsìkò lórí dánfó dé Mile 2 ju èyí tí wọ́n lò lórí irin dé Marina. Nírọ̀lẹ́, bí ọkọ̀ ojú irin bá já ọgọ́rọ̀ èrò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo wọn ni yóò ya lu kẹ̀kẹ́ àti dánfó tó wà nísàlẹ̀, owó á sì gbé sókè níbẹ̀.

Ẹlòmíràn lè fi í wé Red Line, tó ń lọ láti Agbádo dé Ọ̀yìngbò, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ìyẹn jìn jù, kìlómítà 27 ni, ó sì gba Agége, Ìkẹjà àti Oṣòdì kọjá, ṣùgbọ́n dísẹ́ẹ̀lì ló ń lò, ojú irin kan náà ló sì ń bá ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn lò. Blue Line ní ojú irin tirẹ̀ ní tirẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọkọ̀ fi lè máa tẹ̀lé ara wọn léraléra. Bí ẹ bá ní ànfààní láti yan ọ̀kan, ti Mile 2 ni mo máa ní kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀.

Kìlómítà 27 ni wọ́n pète Blue Line náà láti jẹ́, láti Marina dé Òkòkòmáìkò. Èyí tó kù fi díẹ̀ jù ìdajì lọ. Títí tí iṣẹ́ ibẹ̀ yóò fi parí, mo bẹ àwọn tó ń bójú tó ètò ìrìnnà pé kí wọ́n to bọ́ọ̀sì tó ń gba káàdì Cowry sí abẹ́ ibùdókọ̀ Mile 2, kí ó máa gbéra lọ sí Festac, Ọ̀jọ́ àti Òkòkòmáìkò bí ọkọ̀ ojú irin kọ̀ọ̀kan bá ti dé, pàápàá láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ títí di ìgbà tí ọkọ̀ ìkẹyìn bá wọlé.