Whoosh gbé mi dé Bandung, kò gbé ẹrù mi

Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, n'Íbàdàn: híjáàbù, jalàbíà, aṣọ ọmọdé, pẹ̀lú aṣọ oníyáàdì tí àwọn télọ̀ fi ń rán ṣòkòtò. Ọjà Tanah Abang ní Jakarta, lórílẹ̀-èdè Indonesia, ni mo ti máa ń lọ kó o. Àwa tí à ń ná ọjà yẹn mọ̀ pé kì í ṣe ibẹ̀ ni gbogbo aṣọ náà ti ń wá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀, Bandung ló ti ń wá, ìlú kan lórí òkè, tí ilé iṣẹ́ tó ń hun aṣọ àti èyí tó ń rán an pọ̀ sí jaburata. Ẹni tó bá gbìyànjú dé Bandung fúnra ẹ̀, iye tó máa rà á á dín. Ọ̀nà ló máa ń mú kó sú wa.

Kí Whoosh, reluwé tuntun tó ń sáré láti Jakarta lọ Bandung, tó dé, ẹ ó wọ bọ́ọ̀sì kékeré tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní travel, ẹ ó gba títì márosẹ̀ Cipularang, tàbí kẹ́ ẹ lọ wọ ojú irin àtijọ́ ní Gambir, kẹ́ ẹ fi nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta jókòó. Cipularang dára lóòótọ́, láti 2005 ló ti wà. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, tí gbogbo Jakarta ń sá lọ gba atẹ́gùn lórí òkè, sún kẹrẹ fà kẹrẹ ibẹ̀ á mú yín rántí Ìbàfò. Mo ti lo wákàtí márùn-ún níbẹ̀ rí, tí ìtọ̀ ń gbọ̀n mí.

Nítorí náà, nígbà tí mo lọ ní 2024, mo ní ọkọ̀ tuntun yìí ni mo máa wọ̀. Whoosh ni orúkọ ẹ̀. Joko Widodo, tó jẹ́ ààrẹ Indonesia nígbà náà, ló ṣí i ní ọjọ́ 2 oṣù Ọ̀wàrà 2023, òun sì ni reluwé eré tete àkọ́kọ́ ní gbogbo Gúúsù Ìlà Oòrùn Éṣíà. Kìlómítà 142 ni ojú irin náà, ọkọ̀ ọ̀hún a sì máa sá tó kìlómítà 350 ní wákàtí kan. Àwọn olùkọ́ wa sọ kọ̀ǹpútà ní ayárabíàṣá. Wọn ò tíì rí èyí ni. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i tún dùn mọ́ mi nínú, torí ọjọ́ 2 oṣù Ọ̀wàrà ni àwọn ará Indonesia ń ṣe àjọ̀dún batik, aṣọ tí wọ́n ń fi ìda yà kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró. Èmi tí ìyá mi àgbà ń fi ẹ̀kọ láfún àti ìyẹ́ adìyẹ ya àdìrẹ, ojú ẹbí ni mo fi ń wo batik. Tí a bá sì fẹ́ sọ òótọ́, àǹkárá tí à ń jà sí lóde ìnáwó, batik àwọn ará Java ni àwọn Dọ́ọ̀ṣì kọ́kọ́ sín jẹ kó tó kan tiwa.

Tíkẹ́ẹ̀tì kò le. Orí fóònù ni mo ti rà á, wọ́n gba nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù mi. Owó ẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ọjọ́ àti wákàtí bá ṣe rí. Nígbà tí mo lọ, bí ẹ bá mọ àsìkò tí èrò kì í pọ̀, ẹ lè rí i ní rupiah 150,000. Mo san 225,000 torí pé òwúrọ̀ ni mo fẹ́. Ó wọ́n ju bọ́ọ̀sì lọ, kò sì wọ́n débi tí ọlọ́jà á fi kígbe.

Láti Tanah Abang, reluwé KRL ni mo wọ̀ dé Sudirman, mo fẹsẹ̀ rìn sí Dukuh Atas, mo bọ́ sínú LRT, ìyẹn reluwé ìgboro. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o: ọ̀nà méjì ni LRT yẹn ń lọ, èyí tó ń lọ Bekasi ló máa dúró ní Halim, níbi tí Whoosh ti ń gbéra. Kò sí awakọ̀ lórí LRT náà, ẹ̀rọ ló ń wa ara ẹ̀. Mo ń wo iwájú ọkọ̀ bíi pé kí n bọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọléèwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń tẹ fóònù wọn.

Ibùdókọ̀ Halim mọ́ bíi pápákọ̀ òfurufú, wọ́n sì ń ṣe bíi pápákọ̀ òfurufú: ẹ gbé báàgì sórí ẹ̀rọ tó ń yẹ inú ẹ̀ wò, ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì orí fóònù han géètì. Wọ́n ní ibi ìkírun, omi ibẹ̀ ń ṣàn dáadáa, ó sì ní bàtà onírọ́bà fún ẹni tó fẹ́ ṣe àlùwàlá. Irú nǹkan báyìí ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Inú ọkọ̀ wá ńkọ́? Kọ́ọ̀ṣì mẹ́jọ, àga 601. Ipò tó kéré jù ni mo wọ̀, àga mẹ́ta lápá kan, méjì lápá kejì, ẹsẹ̀ mi sì nà dáadáa. Wọ́n fi àwòrán mega mendung ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ìyẹn ìkùukùu òjò tí àwọn oníbatik Cirebon máa ń yà. Ẹ mọ̀ pé èmi ò lè rí aṣọ kí n má fọwọ́ kàn án: títẹ̀ ni wọ́n fẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ìda yà, ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò fi ọ̀dà ṣahun. Bí ọkọ̀ ṣe gbéra, mo fa ìwé ìṣirò mi jáde, mo ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sílẹ̀. Bírò mi kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo gbójú sókè, mo rí 348 lójú ẹ̀rọ tó ń ka eré fún wa, lẹ́yìn náà 350, gbogbo èrò bá nawọ́ fóònù sókè láti yà á. Èmi náà yà á. Ihò abẹ́ òkè mẹ́tàlá ló wà lójú ọ̀nà. Bẹ́ ẹ bá ti wọ ọ̀kan, etí yín á di pin, kẹ́ ẹ tó gbé itọ́ mì, ẹ ti jáde.

Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo bá fún un ká ní níbẹ̀ ló parí sí.

Ọmọkùnrin Ìṣẹ́yìn kan tó ń bá wa ṣe àgẹ́ǹtì ní Tanah Abang ti kìlọ̀ fún mi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. "Àlàájà, Padalarang ni kẹ́ ẹ ti bọ́ọ́lẹ̀ o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé yín kọjá." Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tí mo fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo wá rí i pé Tegalluar ni ọkọ̀ ń lọ parí sí, mo ní àṣé ọmọ yìí ò mọ̀nà tó bó ṣe ń ṣe. Níbi tí ọkọ̀ parí sí náà ló yẹ kí ìlú wà, àbí? Mo ra Tegalluar. Ìṣẹ́jú 45 péré, mo bọ́ọ́lẹ̀, mo gbójú wòde: oko ìrẹsì. Oko ìrẹsì lápá ọ̀tún, oko ìrẹsì lápá òsì, ibùdókọ̀ tó tóbi bíi pápá ìṣeré láàárín ẹ̀. Cigondewah, níbi tí ìsọ̀ àwọn aláṣọ oníyáàdì wà, apá kejì ìlú pátápátá ló wà. Mo háyà takisí kan, òjò dé, ọ̀nà dí, ohun tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà 20 lọ gbà mí ní wákàtí kan àti ààbọ̀. Ẹ wò ó: ìṣẹ́jú 45 fún kìlómítà 142, àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú fún 20. Ẹ̀bi tèmi ni, mi ò ní dá ẹlòmíì lẹ́bi.

Padalarang lọmọ yẹn sọ, Padalarang náà ni. Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ ó dé ibẹ̀ láti Halim, ẹ ó sì rí reluwé kékeré kan tó ń dúró de yín lẹ́gbẹ̀ẹ́. Owó ẹ̀ ti wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì yín. Láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ó ti já yín sí ibùdókọ̀ Bandung gan-an, àárín ìgboro, tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé ọjà aṣọ Pasar Baru. Ọ̀nà yẹn ni mo gbà padà, ó sì dán bí epo.

N ò lè fi wọ́n ṣẹ̀sín nítorí Tegalluar, torí tiwa náà, ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, Moniya ló ń já èrò sí. Ẹni tó bá ti gbẹ́rù ní Moniya lọ sí Gbági mọ ohun tí mò ń wí. Kìlómítà 157 ni tiwa, owó Ṣáínà ni wọ́n fi kọ́ ọ bíi ti Whoosh, ṣùgbọ́n dísù ló ń mu, eré ẹ̀ kò sì tó ìdajì tàwọn yẹn.

Ọlọ́jà ni mí, mi ò lè rí ọjà kí n má bèèrè iye tí wọ́n rà á. Ní 2015, Japan àti Ṣáínà jọ du iṣẹ́ náà. Japan ní kí ìjọba Indonesia ṣe onídùúró gbèsè, Ṣáínà ní kò pọn dandan, Ṣáínà gbà á. Bílíọ̀nù 6.07 dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ dá lé e. Ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ onílẹ̀ fa wàhálà, àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà dé, kí wọ́n tó parí ẹ̀, ó ti di nǹkan bíi bílíọ̀nù 7.27. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó náà, bánkì ìjọba Ṣáínà kan ló yá wọn. Ìjọba ti ṣèlérí pé wọn ò ní fọwọ́ kan àpò ìlú, ní 2021 wọ́n yí ọ̀rọ̀ yẹn padà.

Mo ṣírò ó lórí ìjókòó, bí mo ṣe máa ń ṣírò ti ìsọ̀ mi. Àwọn tó wọ̀ ọ́ ní 2024 tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 6. Ẹ fi rupiah 200,000 sí orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó di tírílíọ̀nù 1.2 rupiah. Ní 16,000 rupiah sí dọ́là kan, mílíọ̀nù 75 dọ́là nìyẹn. Gbèsè tó wà nílẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 5 dọ́là. Tí èlé ẹ̀ bá tiẹ̀ jẹ́ 2 péré nínú ọgọ́rùn-ún, mílíọ̀nù 100 dọ́là lọ́dún ti lọ, ká má tíì sọ owó iná, owó òṣìṣẹ́, owó àtúnṣe. Bí ìsọ̀ mi bá rí báyìí, ọkọ mi á ti pe ẹbí jọ. Ṣùgbọ́n ojú irin kì í ṣe ìsọ̀. Bánkì Ìdàgbàsókè ilẹ̀ Éṣíà, tí wọ́n ń pè ní ADB, sọ ní 2017 pé àwọn orílẹ̀-èdè tó ń dàgbà ní Éṣíà àti erékùṣù Pàsífíìkì nílò nǹkan bíi tírílíọ̀nù 1.7 dọ́là lọ́dọọdún títí di 2030 fún iná, ọ̀nà, omi àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Iná ló gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀nà àti ọkọ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì náà ló sì so pọ̀ nínú Whoosh: iná mànàmáná ló ń lò, kì í tú èéfín, wọ́n sì ń fi ìyẹn yangàn, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú iná Indonesia, èédú ni wọ́n ń jó láti fi dá a. Èéfín náà wà níbòmíì ni. Kò ní kí n má tún wọ̀ ọ́, torí gbogbo ọkọ̀ tó há sí Cipularang ń tú tiẹ̀ síta lójú gbogbo wa.

Ohun tó dùn mí jù wá kọ́ nìyẹn o. Whoosh kì í kó ẹrù. Báàgì ọwọ́ àti àpótí kékeré ni èèyàn lè gbé wọ̀ ọ́. Aṣọ oníyáàdì wúwo bí òkúta; mo rà á ní Cigondewah, mo rà kún un ní Pasar Baru, alábàárù dì í, ó di bélì mẹ́rìnlá. Obìnrin tó tà á fún mi, Ibu ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Ìyá, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo àgbà obìnrin níbẹ̀. Èmi náà, Ibu ló ń pè mí. Ó fẹnu nà mí sí àwọn onílọ́rì kan. Mo gbé bélì mi fún wọn ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, mo wọ reluwé kékeré sí Padalarang, mo bọ́ sínú Whoosh, Màgíríbù sì bá mi ní Halim.

Bélì mi wà lórí Cipularang. Mo sùn, mo jí, mo jẹ nasi goreng lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kejì pé ẹrù ti dé Tanah Abang. Ọmọ Ìṣẹ́yìn bá mi lọ kà á. Mẹ́tàlá ló wà níbẹ̀. Ìkẹrìnlá dé ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, omi òjò ti wọ igun ẹ̀ kan.